Ìyá Olówùú Kí Adájọ́

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tí eyín rẹ̀ funfun jù, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé onítọ̀hún ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìyá Olówùú ló kó bá mi. Kò fi ibi ṣe é. Òótọ́ kan tó sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta lọ́dún 1955 ló wọ̀ mí lára tí kò sì jáde mọ́.

Ilé wa àti ilé rẹ̀ ló kọjú síra lẹ́yìn Takie, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ifábùnmi lorúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró láàárín àdúgbò tí ẹ ń pariwo Ifábùnmi títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tí yóò dá yín lóhùn. Ìyá Olówùú la mọ̀. Láti àárọ̀ ló ti máa ń jókòó sórí ẹní níwájú ilé, tí kẹ̀kẹ́ ìrànwú rẹ̀ á máa pòòyì, tí òwú funfun á máa gùn sí i lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ náà kì í sinmi. Ó lè ran òwú títí dalẹ́ kó má tún okùn kan so, ṣùgbọ́n kò lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èmi Elijah, iṣẹ́ télọ̀ ni mo kọ́. Mo ní máṣíìnì kan ní Takie, mo sì tún ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ń tẹ̀ n'Íbàdàn. Ìròyìn kí ni? Ìròyìn kóòtù ni. Bí mo bá kọ nípa afárá tó já, wọn ò ní í tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá kọ nípa ìyálé tó bu ata sójú ìyàwó, ojú ìwé kìíní ni. Bí ìwé ìròyìn bá ti dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iwájú ilé Ìyá Olówùú ni mo ti máa ń kà á sókè fún ará àdúgbò. "Elijah, fi ti àwọn olóṣèlú sílẹ̀ jàre," ni yóò wí. "Ka ti kóòtù."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni ìyá yìí nígbà tí wọ́n fi í fún ọkọ l'Ọ́yọ̀ọ́, ní agbo ilé àwọn oníṣẹ́ awọ kan tí wọ́n ń pè ní Ilé Aláwọ. Ẹ sì mọ bó ṣe rí fún ìyàwó ilé. Gbogbo ẹni tó bá bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ láéláé. Á wá orúkọ mìíràn tó dùn ún pè fún un, á sì máa kúnlẹ̀ kí i títí ayé. Àwọn ìyàwó mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ, ṣùgbọ́n Ìyá Olówùú ní ẹ̀bùn rẹ̀. Ó sọ èyí tó ga ní Agùntáṣọọ́lò, ó sọ èyí tó kúrú ní Akúrúyẹjó, ó sọ àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní Ìbàdíàrán. Ó ní èèyàn mọ́kànlélógójì lòun sọ lórúkọ nínú ilé yẹn, àti pé gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé lẹ́yìn òun, orúkọ tí wọ́n bá lẹ́nu òun ni wọ́n ń pè. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń kà wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò bi í léèrè ta ni ó ń jẹ́ èwo. Ká ní mo bi í ni.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò ọkọ. Ó ní ìkúnlẹ̀ tí òun ti kúnlẹ̀ ti tó, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí kò ti dé Ilé Aláwọ mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Kóòtù tí mo ń lọ, n kò ní í sọ èwo, nítorí àwọn tó jókòó níbẹ̀ ṣì ní ọmọ láyé. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán, débi pé ẹni tó wá ra iyọ̀ lè yà gbọ́ ẹjọ́ méjì kó tó relé. Èrò máa ń kún inú, wọ́n á kún ojú fèrèsé, àwọn ọmọge tó ń ta ẹ̀pà á sì máa rìn láàárín àwọn èèyàn. Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó. Bàbá Ṣàngódèyí wà lápá òsì, àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èyí tó wà lápá ọ̀tún máa ń tòògbé. Adájọ́ Gàníyù ló wà láàárín, òun sì ni olórí wọn.

Ọkùnrin bí ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni Adájọ́ Gàníyù, ó máa ń wé láwàní, obì kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Obì yẹn ti ba eyín rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Àwọn tó kù ti pọ́n bí amọ̀, àwọn iwájú méjì sì ti ká. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mátíù, akọ̀wé kóòtù. Ó máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró lágbede méjì pé, "Oníwèé ìròyìn, ṣé o ti kọ ìyẹn?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan wà tí gbogbo Ọ̀yọ́ mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ojú ń ti òun, á ní, "Kóòtù yìí kò ní ilẹ̀kùn." Mo ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìròyìn tó ìgbà mẹ́fà. Mo rò pé bí adájọ́ ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé tí mo ń sọ yìí, wọ́n pe ẹjọ́ Mashood àti Hajarat ìyàwó rẹ̀. Mashood ń ṣe iṣẹ́ awọ ní Ilé Aláwọ. Ó ti kó bàtà àti àpò lọ tà ní Kùmásí, ó sì lò tó ọdún mẹ́ta lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé, ó bá ọmọ obìnrin ọlọ́dún kan àbọ̀ lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Marufat ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Ẹ óò ní, ṣé kì í ṣe agbo ilé yẹn náà ni Adájọ́ Gàníyù ti wá? Ibẹ̀ náà ni. Òun gan-an ló sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ó dìde dúró, ó ní, "Ọmọ ilé mi ni ọkọ, ìyàwó ilé mi ni ìyàwó. Bí mo bá ti jókòó síbí, n kò mọ ọmọ, n kò mọ ìyekan." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, títí pẹ́ńsùlù mi fi bọ́ sílẹ̀.

Mashood ti ń pariwo kó tó dé iwájú. "Mo fi aya sílé, mo bá ọmọ! Kó sọ ẹni tó ṣe é! Kó pè é lórúkọ kí gbogbo ayé gbọ́!"

Hajarat kò ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó kúnlẹ̀, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré débi tí Mátíù fi ní kó tún un sọ. Ó ní, "Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan."

"Kóòtù yìí kò ní ilẹ̀kùn," ni Adájọ́ Gàníyù wí. "Ohun tí o ṣe ní kọ̀rọ̀, wá sọ ọ́ ní gbangba. Ta ni bàbá ọmọ yìí?"

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Hajarat wo ilẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó ni."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò lè pe orúkọ ọkọ mi, bàbá. Bí àwọn ìyálé mi ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Mashood ló fi mí lé wọn lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ. Ó ní wọn óò máa bá òun wò mí. Mo ń gbé oúnjẹ fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi, wọ́n ní bí mo bá fi lè ké, àwọn á ní èmi ni mo wá bá àwọn."

Ariwo sọ. Kí ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó? Èwo nínú àwọn ọmọkùnrin Ilé Aláwọ ni? Gbogbo wa la mọ̀ pé orúkọ tí ìyàwó ń pe ọkọ ni, ṣùgbọ́n ilé tí kò ní Eyínfúnjowó tirẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan, arẹwà, tó ń fi orín funfun fọ eyín láràárọ̀. Mo rí i pé Mashood tó ti ń pariwo látòwúrọ̀ ti jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀, kò sì tún sọ ohunkóhun mọ́. Mo rí àwọn ìyàwó Ilé Aláwọ márùn-ún lẹ́yìn, tí ọ̀kan nínú wọn ki etí ìró rẹ̀ bọ ẹnu. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ojú ń tì wọ́n.

Adájọ́ Gàníyù tu obì sínú agolo. Ó ní, "Kóòtù kò mọ Eyínfúnjowó kankan. Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mú un wá síwájú mi. Bí o kò bá mú un wá, ọmọ tí wọ́n bí sínú ilé, ọmọ ilé ni. Ọmọ á dúró, ìwọ á máa lọ sílé bàbá rẹ." Hajarat mú ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi di ọmọ náà mú. Ọmọ ò mọ nǹkan kan, ó ń sùn lọ ní tirẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe? Mo lọ sílé, mo jókòó ti máṣíìnì, mo kọ ìròyìn tó dùn jù tí mo tíì kọ rí láyé mi. Àkọlé rẹ̀ ni "Ta Ni Eyínfúnjowó?" Mo dárúkọ Hajarat, mo dárúkọ bàbá tó bí i, mo dárúkọ ọmọ jòjòló náà. Mo fi ẹ̀fẹ̀ sí i. Mo ní kí gbogbo ọkùnrin Ilé Aláwọ tí eyín wọn bá funfun fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀yọ́ ni ìwé ìròyìn máa ń kọ́kọ́ dé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì tà wàràwàrà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ò rẹ́rìn-ín ní Akẹ̀sán mọ́ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní ìyàwó apẹran kan tilẹ̀ ti ń di ẹrù nítorí pé eyín ọkọ rẹ̀ mọ́ jù. Inú mi ń dùn. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé, ta ni yóò gbé e?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbé ìwé náà dé iwájú ilé Ìyá Olówùú. Àwọn èèyàn ti pé jọ. Mo dá ohùn sí i, mo ń kà á bí ẹni ń wàásù. Nígbà tí mo dé ibi tí Hajarat ti ní "Eyínfúnjowó ni", àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Kẹ̀kẹ́ ìrànwú já bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Olówùú. Ó yí lọ sínú iyanrìn, òwú rẹ̀ sì ń tú tẹ̀ lé e. Kò mú un.

"Elijah," ló wí, "ilé wo lo pè?"

"Ilé Aláwọ ni, Ìyá. L'Ọ́yọ̀ọ́."

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí. "Yéè! Mo gbé! Èmi ni mo sọ ọ́! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn!" Ó lé àwọn èèyàn dànù níwájú ilé rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí. Èmi nìkan ló ní kí n dúró.

Ó ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ, ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan wà níbẹ̀ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Gbogbo eyín náà tò, wọ́n funfun báláú, bí ó bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta tí òun dé ni òun sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ọmọ náà ló máa ń bá òun gbé korobá lọ sódò, tí àwọn ìyàwó yòókù á máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti rí ọkọ kékeré.

"Níbo ló wà báyìí, Ìyá? Ẹ pè é lórúkọ fún mi."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "N ò lè pe orúkọ rẹ̀, Elijah. Ọkọ mi ni. Ìwọ gan-an lò ń pe orúkọ rẹ̀ fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló jókòó sáàárín wọn. Òun ló ní kóòtù kò ní ilẹ̀kùn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ níbí. Mo rántí agolo obì. Mo rántí eyín pípọ́n tí mo ti ń wò láti ọdún mẹ́ta. Mo rántí Hajarat tó kúnlẹ̀ tó ń sọ fún un pé, "Ẹ̀yin náà mọ̀." Ó sọ ọ́ fún un lójú kòrókòró! Bí a tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran: nínú ọ̀fìn tí wọ́n jù ú sí yẹn, kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ó tọ́ka sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló mọ̀. Mashood mọ̀, ó jókòó. Àwọn ìyàwó ilé mọ̀, wọ́n ki ìró bọ ẹnu. Ẹni tó ṣe é mọ̀, ó ní kó lọ wá a wá. Kìkì àwa tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ni kò mọ nǹkan kan, àwa tí a kún fèrèsé, tí a ń jẹ ẹ̀pà. Mo mọ̀ nísinsìnyí ìdí tó fi fẹ́ràn ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ta ni obìnrin tí yóò la ẹnu níwájú irínwó èèyàn?

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fa ìwé ìròyìn náà ya. Mo ní, "Ìyá, n ó kọ ọ́. N ó dárúkọ rẹ̀."

"Wọn á tì ọ́ mọ́lé. Á ní o ba òun lórúkọ jẹ́. Kí ni ẹ̀rí rẹ? Òwú tí arúgbó ń ran?"

"Ẹ̀yin ẹ wá jẹ́rìí nígbà náà."

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? N ò ní í purọ́ ní kóòtù lọ́jọ́ ogbó mi." Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó ń gbọn iyanrìn kúrò lára òwú. "Ọmọ mi kọ́ ni obìnrin yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú ilé yẹn báyìí, Elijah. Ilé kan náà ni òun àti ẹni yẹn jọ ń jí sí, nítorí kò lè fi ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ wo ni ẹjọ́?"

"Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í ṣe ti ọ̀túnla yìí."

"N ó bá ọ lọ. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti kí ọkọ mi kẹ́yìn."

Lọ́jọ́ náà, a bá èrò tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Èmi ni mo fi ìwé pè wọ́n jọ. Àwọn kan gun igi tó wà lẹ́yìn kóòtù. Hajarat wà níwájú, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù kékeré kan tí ó dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un pé kó di ẹrù rẹ̀, òun nìkan. Ìyá Olówùú jókòó sẹ́yìn, nítòsí àwọn ìyàwó Ilé Aláwọ. Ìbòrí rẹ̀ bo iwájú orí rẹ̀, n kò sì rò pé wọ́n dá a mọ̀.

Àwọn adájọ́ wọlé. Adájọ́ Gàníyù wo èrò yíká, ó wo èmi náà, kò sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti di ẹ̀sín nítorí àwọn oníwèé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ìdílé sì ní àṣírí. Kóòtù á gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀. Akódà, kó èrò jáde, kí o sì ti ilẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn tí kò sí láti ọjọ́ tí mo ti ń bọ̀ ti wá wà! Àwọn èèyàn ń kùn, akódà ń tì wọ́n jáde. Wọ́n gba àga lábẹ́ mi. Mo wo Hajarat. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti mọ̀ pé ó ti parí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, lórí ọmọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Olówùú dìde. Akódà ní, "Ìyá, ẹ gba ibí jáde."

Ó ní, "N ó jáde, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í bá ọkọ rẹ̀ lórí ìjókòó kó má kí i."

Ta ni yóò dá arúgbó tó fẹ́ kí èèyàn dúró? Akódà yẹ̀. Ìyá rìn gba àárín kóòtù kọjá, díẹ̀díẹ̀, ó dé iwájú tábìlì. Ó ṣí ìbòrí orí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, mo sì gbọ́ bí eékún rẹ̀ ṣe ró lórí sìmẹ́ǹtì. Ó gbé ohùn sókè, ohùn tó fi máa ń pe èmi láti òdìkejì títì.

"Ẹ kú ìjókòó o, Eyínfúnjowó! Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Eyínfúnjowó ọkọ mi! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta!"

Ọdún méjìdínláàádọ́ta lọkùnrin yìí fi ń jẹ́ orúkọ yẹn. Kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibi tí ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ti dáhùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó mi."

Gbogbo kóòtù gbọ́ ọ. Àwọn tó ti dé ẹnu ọ̀nà yí padà. Adájọ́ Gàníyù gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ, ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀, a rí eyín pípọ́n náà àti ibi tí méjì ti ká. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé n ó yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ ìró aṣọ. Ìyàwó tó ki ìró bọ ẹnu lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Eyínfúnjowó," ló wí, ó ń sunkún. Ìkejì kúnlẹ̀, ìkẹta kúnlẹ̀, títí àwọn márààrún fi kí i tán. Kò dá ẹnì kankan lóhùn mọ́.

Bàbá Ṣàngódèyí, tí kì í sọ̀rọ̀, yí ọrùn sí akọ̀wé. "Mátíù, kọ ọ́ sílẹ̀."

Mátíù gbé kálàmù sókè. "Kí ni kí n kọ, sà?"

"Kọ ọ́ pé wọ́n kí i, ó sì dáhùn." Ó wá kọjú sí akódà. "Ṣí ilẹ̀kùn yẹn."

Mashood ti wólẹ̀ síbi tó wà. Ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bàbá yìí ló tọ́ mi dàgbà, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀." Adájọ́ Gàníyù dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, ó gbàgbé agolo obì rẹ̀ sórí tábìlì. N kò tún rí i ní kóòtù mọ́. Bàbá Ṣàngódèyí ló parí ẹjọ́ náà: ìgbéyàwó tú ká, ọmọ di ti ìyá, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ lọ yọ ọ́ lẹ́nu l'Ógbómọ̀ṣọ́.

Mo kọ ìròyìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò fi ẹ̀fẹ̀ sí i, n kò dárúkọ Hajarat, n kò dárúkọ ọmọ. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ n'Íbàdàn gé e kù sí ìlà mẹ́ta: ìyá arúgbó kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ kí adájọ́ kan l'Ọ́yọ̀ọ́, adájọ́ náà dáhùn, ẹjọ́ sì parí. Wọ́n fi ìwé béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni ìròyìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ka ìlà mẹ́ta yẹn l'Ọ́yọ̀ọ́ tí kò yé e.

Àwa mẹ́rin la jọ wọ ọkọ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́: èmi, Ìyá Olówùú, Hajarat, àti Marufat lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ Hajarat nítorí ohun tí mo kọ lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Ìyá ló sì bá sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni wọ́n ní ẹ ń sọ gbogbo èèyàn lórúkọ. Ẹ sọ ọmọ mi lórúkọ kan tó dára, kí wọ́n lè gbàgbé èyí tó wà nínú ìwé."

Ọkọ̀ kó sínú kòtò, ó gbọ̀n wá, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó ń rẹ́rìn-ín nìyẹn. Eyín rẹ̀ tò, wọ́n funfun báláú.

Ìyá Olówùú wò ó. Ó na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ fi kan ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì fà á padà. Ó kọjú sí ẹgbẹ́ ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi dé Takie. Ó gbé ọdún mẹ́sàn-án sí i láyé lẹ́yìn náà, n kò sì tún gbọ́ kó sọ ẹnikẹ́ni lórúkọ mọ́.